Ẹrẹ̀ Ara Ṣòkòtò Bàbá Ìbejì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ohùn òkè sọ. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, èmi kì í ṣe olófòófó. Ojú ni mo ní, ojú náà sì ń ríran; bí ohun tí ojú rí bá wá gba ẹnu jáde, ṣé ẹ̀bi mi ni?

Léèsì mi ló fa gbogbo ẹ̀. Léèsì funfun tí mo fi ṣe ìdúpẹ́ lọ́dún tó kọjá, èyí tí Ìyá Rónkẹ́ tẹjú mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí tí kò fi gbọ́ ìwàásù kan. Ọwọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, torí léèsì gidi kì í wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo sá a sí báákónì, ẹ sì mọ bí oòrùn ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní Peckham níbí. Ìgbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, omi ẹrẹ̀ ti fa ìlà mẹ́ta gbọọrọ sí i láyà. Mo gbójú sókè. Ní báákónì tó wà lórí tèmi, ṣòkòtò kan so rọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé ìbàdí, àfi bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko kókó dé nínú òjò. Ṣòkòtò Bàbá Ìbejì ni.

Bàbá Ìbejì tí ẹ mọ̀ yìí náà ni o. Ẹni ọdún 48, táì lọ́rùn, bàtà dídán, ẹni tí kì í tẹ koríko. Kí ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ẹrẹ̀ ní gbogbo Sátidé? Torí mo ti ń ṣọ́ ọ, àní mo ti ń kíyè sí i, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ" ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà yìí.)

Bulọ́ọ̀kù wa wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Rónkẹ́ ní oko ni, pé ó ti gba ilẹ̀ kékeré tí káńsù máa ń yá èèyàn, ó ń gbin ewédú síbẹ̀, kò sì fẹ́ fún ẹnikẹ́ni jẹ. Alhaja ìsàlẹ̀ ní obìnrin ni. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Alhaja fún yín: kò sí nǹkan tí obìnrin kì í wà nídìí rẹ̀ lójú tiẹ̀. Nígbà tí páìpù omi gbígbóná bẹ́ níjelòó, obìnrin ni. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ò gba iwájú ilé wa kọjá mọ́, obìnrin ni. Mo ní, Alhaja, irú obìnrin wo ni ọkùnrin ń lọ bá tó fi ń gbé ẹrẹ̀ dé ìbàdí bọ̀ wálé? Ó ní, "Obìnrin oko."

Lífítì ló tú àṣírí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, bí aago márùn-ún ààbọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí mo ti ń gbá ọ́fíìsì lóru dé, mo ní kí n lọ da ìdọ̀tí nù kí n tó sùn. Ilẹ̀kùn lífítì ṣí, ta ni mo bá nínú ẹ̀? Ó yára gbé nǹkan kan pamọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nǹkan náà ní ẹnu ṣóńṣó tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀ bí ẹnu àgbìgbò. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ni. Ó gbé bàtà kan kọ́ èjìká, bàtà náà ga dé orúnkún, ó le gbagidi, ìdè mẹ́rin mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Mo rò pé òṣùpá ló ń lọ. Mo kí i, ó kí mi, ilẹ̀kùn pa dé, a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Láàárín àjà kejì sí ìkínní, lífítì ṣe gbì, ó dúró.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà pẹ̀lú mi nínú àpótí fún ogójì ìṣẹ́jú tí kò jẹ́wọ́, kò ní nǹkan tó fẹ́ jẹ́wọ́ ni.

"Ìyá Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá Ìbejì."

"Kí ni n ó sọ? Ṣé mo mọ nǹkan kan ni?"

"Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́."

"Ẹ̀kọ́ kí ni?"

"Fífò."

"Fífò lọ síbo?"

"Lórí òkìtì. Pẹ̀lú alùpùpù. Motocross ni wọ́n ń pè é."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́rin n'Íbàdàn?" Ó ní òun ni. Ìtàn yẹn, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ ní bulọ́ọ̀kù wa: bó ṣe ń lọ sí Pólì tó sì ń fi Jincheng gbé èrò láti Mọ̀kọ́lá dé Sángo, bó ṣe gbé ìyá kan, ọmọ méjì àti ewúrẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ewúrẹ́ nìkan ni kò sunkún. Mo ní kí ló tún kù tí ẹni tó gbé ewúrẹ́ ń kọ́ lórí alùpùpù? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, gbogbo ọdún yẹn, a ò kúrò nílẹ̀ rí."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Torí ẹ mọ̀ pé orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀kadà. Okada Air ni, ti Olóyè Gabriel Igbinedion, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ nílẹ̀ Ẹdó sọ ọ́. Nígbà tí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò gba àárín gósíló, àwọn èèyàn ní eléyìí náà ń fò ni, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ náà la ti ń fi orúkọ ohun tó ń fò pe ohun tí kì í kúrò nílẹ̀. Bàbá Ìbejì wá ní òun fẹ́ kí orúkọ náà di òótọ́ lẹ́ẹ̀kan kí òun tó pé àádọ́ta.

Kí àwọn tó ń tún lífítì ṣe tó dé, ó ti bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun lọ. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, kò dára kéèyàn dá lọ. Bí èèyàn bá ṣubú, ta ni yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ wálé? Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ló máa ń wà ní Sátidé nígbà náà. Iṣu Púná méjì ló fi bẹ̀ mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ iye tí iṣu ń lọ ní Rye Lane báyìí?

Ìhà Essex la lọ. A gba inú ihò abẹ́ odò Thames kọjá, n kò mí títí a fi jáde. Pápá ńlá ni ibẹ̀, ilẹ̀ alámọ̀, tí wọ́n fi katapílà wọ́ jọ ní òkìtì òkìtì. Àwọn kan kéékèèké, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ebè iṣu. Àwọn kan ga jù mí lọ, orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, tábìlì náà ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn kan jẹ́ méjì tí kòtò wà láàárín wọn: ẹ fò láti orí èkíní, ẹ balẹ̀ sẹ́yìn èkejì, bí ẹ ò bá dé ọ̀hún ọ̀rọ̀ yín di ti kòtò. Mo ní ẹ̀yin ará Èkó, ẹ wá wòran! Nílé, à ń bẹ ìjọba kí wọ́n bá wa dí kòtò. Níbí, wọ́n ń fi owó gbẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó ò fẹ́ rí ọ̀kadà mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Apápá àti àwọn tó kù. Àbúrò Bàbá Ìbejì wà lára àwọn tó gbé tiẹ̀ jókòó. Àbúrò ò rí ọ̀nà gùn ún, ẹ̀gbọ́n ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kó gùn ún nínú kòtò.

Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin ni. Kò lè ju ọmọ ọdún 26 lọ, ó di irun sẹ́yìn bí ìrù ẹṣin, orúkọ tí ìyá Bàbá Ìbejì sọ ọ́ gan-an ló fi ń pè é. Kò sí bọ̀dá, kò sí ọ̀gbẹ́ni. Mo wo ojú Bàbá Ìbejì, mo ń retí ìjà. Ó ní, "Mà!" Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a lọ, wọn ò fò rárá. Ìdúró ni wọ́n kọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé ìdúró lòun wá sanwó fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó gun alùpùpù yí pápá ká láìjókòó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá itan rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ewé kókò. Ìdí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ibi ìtẹ́sẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Orúnkún méjèèjì á fún alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn ọmọ Balógun ṣe ń fún ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ìgbúnwọ́ á yà síta bí apá àkùkọ tó fẹ́ jà. Alùpùpù yẹn ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, orúnkún ni wọ́n fi ń dì í mú, kì í ṣe ọwọ́; ọwọ́ tó bá fún nǹkan jù ò lè gbọ́ràn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an rèé. Kò sí ohun tí ọ̀kadà kọ́ ọ n'Íbàdàn tí ọmọbìnrin yìí ò ní kó gbàgbé. Ọlọ́kadà máa ń jókòó; bí ẹ bá jókòó gun òkìtì tí ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó rì mọ́lẹ̀ á ta padà, á ta yín nídìí bí ìbaaka. Ọlọ́kadà máa ń wo iwájú táyà, torí kòtò Ìbàdàn kì í kéde ara rẹ̀. Níbí, ọ̀ọ́kán ni kí ojú wà, ibi tí ẹ ó balẹ̀ sí àti ibi tí ẹ ó gbà lẹ́yìn ìyẹn, torí ibi tí ojú ń wò lara ń tẹ̀lé. Ọlọ́kadà máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí nǹkan bá fẹ́ yí. Ẹ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lófuurufú kí ẹ rí ohun tó máa ṣe é.

Èyí tó wá le jù ni ọwọ́ iná. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun ọ̀kadà rí mọ ọwọ́ iná, ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí wọ́n ń lọ́. Bí ẹ̀rù bá ba ọlọ́kadà, kí ló máa ń ṣe? Á dá iná padà. Ọgbọ́n ni, ọgbọ́n yẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là ní Mọ̀kọ́lá. Àmọ́ lójú òkìtì, òun gan-an ló ń dáni lóró. Ọmọbìnrin náà gbé alùpùpù kan dúró, ó fi hàn wọ́n: bí ẹ bá ń gun òkìtì lọ tí ẹ dá iná padà kí ẹ tó dé ẹnu rẹ̀, gbogbo ìwúwo á dà síwájú, ṣọ́ọ̀kì iwájú á rì, ti ẹ̀yìn á fẹsẹ̀ tì yín, imú alùpùpù á sì dorí kodò lófuurufú. Ẹ̀yin náà á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá sì wá lọ́ ọ lójijì lẹ́nu òkìtì nítorí pé ọkàn yín ní ẹ ò ní dé ọ̀hún, imú á gbé sókè, ẹ ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Iná tó dọ́gba ni wọ́n ń wá: bó ṣe rí nísàlẹ̀ ni kó rí lókè, títí táyà ẹ̀yìn á fi kúrò nílẹ̀. Ó ní fífò ti parí kéèyàn tó fò. Tí ẹ bá ti kúrò lẹ́nu òkìtì, ibi tí ẹ máa balẹ̀ sí ò ṣe é yí padà mọ́.

Ọwọ́ Bàbá Ìbejì ò gbọ́. Mo jókòó lórí àga tí mo gbé lọ láti ilé, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Vuuuuuu, hm. Vuuuuuu, hm. Bó bá ti ku díẹ̀ báyìí, á dákẹ́ bí ẹni tó rántí gbèsè. Gbèsè rán mi létí Màmá Ṣadé, tó kó àjọ oṣù kìíní tí kò gbọ́ kí aago ilẹ̀kùn rẹ̀ dún mọ́ láti ìgbà náà... Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sì wà nínú kíláàsì kejì, lórí alùpùpù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì 65, tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bíi tata lórí òkìtì kan náà tí Bàbá Ìbejì ń rọra gùn bí ẹni ń gun àkàbà. Ó kọjá, ó juwọ́ sí Bàbá Ìbejì. Bàbá Ìbejì juwọ́ padà.

Bàbá òyìnbó kan jókòó tì mí, ó gbé fìláàsì tíì dání; òun ló mú ọmọ kékeré yẹn wá. Òyìnbó kì í báni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀, ẹnu wọn á là. Ó ní ilẹ̀ wọn níbí ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Camberley ní Surrey, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1924. Scramble ni wọ́n ń pè é kí àwọn ará Faransé tó fún un lórúkọ tuntun. Ó ní ní Essex yìí gan-an, ní Thundersley, ni wọ́n ti ń ṣe alùpùpù Greeves, èyí tí Dave Bickers fi gba ipò kìíní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1960 àti 1961. Ó ní Jeff Smith fi BSA gba ti àgbáyé ní 1964 àti 1965, tí wọ́n sì máa ń fi eré wọn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán Sátidé nígbà òtútù. Mo ní BSA kẹ̀? Bàbá bàbá mi ní BSA ní Iléṣà, ó ń fi ru kókó! Ó kù díẹ̀ kí bàbá yẹn dì mọ́ mi. Ó ní báwo ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe rí. Mo ní kò sí ṣọ́ọ̀kì, àdúrà ni. Ó ní òótọ́ ni, pé nígbà tóun wà ní ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kì í rì ju nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ti òní ń rì tó 30. Ìyẹn ni òkìtì fi ń ga sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n máa fi eré díẹ̀ gun tábìlì, kí táyà kàn kúrò nílẹ̀ kó sì balẹ̀ sórí tábìlì náà. Ìdí tí wọ́n fi ń fi tábìlì kọ́ni nìyẹn: ẹni tí kò bá dé ọ̀hún, orí pẹrẹsẹ ló máa bá, kì í ṣe kòtò. Bàbá Ìbejì gbá eré wá. Vuuuuuu, hm! Òkìtì ni wọ́n ní kó fò, òkìtì ló ta. Mo rí alùpùpù, mo rí bàtà, mo rí alùpùpù, n kò rí nǹkan kan mọ́, torí ẹ̀yìn òkìtì ló bọ́ sí. Ẹnì kan gbé àsíá yẹ́lò, ó ń jù ú fìrì fìrì. Tí àsíá yẹn bá ti ń fẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fò, torí ẹni tó ń gun òkìtì bọ̀ ò lè rí ẹni tó sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀pà mi ti dànù. Mo sáré, ẹ̀yin náà mọ orúnkún mi, mo sáré. Mo bá a tó jókòó, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò ṣẹ́. Eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ló wú. Àwọn olùtọ́jú ní eegun yẹn làwọn tó ń gun nǹkan yìí sábà máa ń ṣẹ́, pé kó dúpẹ́.

Ó sọ fún Ìyá Ìbejì pé òun yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ gbàdúrà lé ẹ̀mí ìṣubú. Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.

Ẹni tó bá ní làákàyè á jáwọ́. Èyí wá ń wo fídíò. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó na fóònù sí mi, ó ní kí n wo ọmọ wa. Mo ní ọmọ ta? Ó ní James Stewart, adúláwọ̀ ará Florida, tí wọ́n bí ní 1985. Ó gba ipò kìíní Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka 125 ní 2002, nínú eré tí kò sí adúláwọ̀ tó gba irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 2008, ìje 24 ni wọ́n ṣe ní ẹ̀ka àwọn alágbára, òun ló borí ní gbogbo 24. Ohun tó sì fi gbajúmọ̀ jù ni pé bó bá dé ẹnu òkìtì, á tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn, kó má bàa ga lókè. Mo ní ṣé kì í ṣe fífò náà ni wọ́n wá ṣe? Ó ní rárá, pé tí táyà ò bá ti kan ilẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lọ́ iná tó tó lè mú yín sáré. Ẹni tó pẹ́ lókè, ó ti pẹ́ lọ́nà. Mo ní Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì kúrò nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fò kúrú lẹ ti ń kọ́.

Òun náà ló sọ fún mi pé iná àti bíréèkì ṣì ní iṣẹ́ kan lókè. Bí imú alùpùpù bá ń dorí kodò, ẹ lọ́ iná, táyà ẹ̀yìn á yí kíákíá, imú á gbé sókè. Bí imú bá ga jù, ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú, ẹ fọwọ́ kan bíréèkì ẹ̀yìn, imú á wálẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n jókòó sórí àga oníyíyí, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí n ju apá sí ọ̀tún, kí n wo ibi tí àga máa yí sí. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni: ní aago mẹ́rin òru, ní ọ́fíìsì tí mo ń gbá, mo jókòó sórí àga ọ̀gá wọn, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo ju apá àti búrọ́ọ̀ṣì sọ́tùn-ún. Àga yí sósì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Báàkẹ́ẹ̀tì ló dà nù ní ẹ̀ẹ̀keje.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọbìnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ títí, ọwọ́ ò tíì gbọ́. Vuuuuuu, hm. Ara mi ò gbà á mọ́. Ẹ sì rántí pé ẹgbẹ́ akọrin ni Bàbá Ìbejì ń bá kọrin, tẹ́nọ̀ ni. Mo dìde lórí àga mi, mo ní, "Bàbá Ìbejì! Nígbà tí ẹ bá ń fa Àmín ìparí orin, ṣé ẹ máa ń gé e láàárín ni?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ẹ fa Àmín gun òkìtì yẹn. Kí ohùn ẹ́ńjìnnì àti ohùn yín má ṣe já." Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wo òkìtì, ó ní kó dán an wò.

Lọ́jọ́ yẹn, ohùn já lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó já lẹ́ẹ̀kan. Ó wá yí padà, ó lọ jìnnà, ó dìde dúró lórí ìtẹ́sẹ̀, ìgbúnwọ́ yà. Mo gbé fóònù sókè láti yà á. Ó bọ̀. Ààààààà, àti ẹ́ńjìnnì àti Bàbá Ìbejì, ohùn kan ṣoṣo, ó gun òkìtì, ó dé ẹnu rẹ̀, ohùn ò já, mo sì rí ojú ọ̀run láàárín táyà àti ilẹ̀. Ojú ọ̀run! Ó kọjá lórí tábìlì pátápátá, imú tẹ̀ díẹ̀, ó bá ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀hún mu, táyà méjèèjì kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, orúnkún tẹ̀, ó fi iná díẹ̀ sí i, ó ń lọ. Kò dún gbì. Bí omi tí wọ́n rọra dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ló ṣe balẹ̀. "Míììììn" la gbọ́ lẹ́yìn òkìtì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìbejì dé ọ̀dọ̀ mi, ó bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé ẹ yà á?" A jọ wò ó. Bàtà mi ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀pà sì ń já bọ́ lé e lórí, pẹ̀lú ohùn mi tó ń ké pe Jésù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sóun bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé ní oṣù tó kọjá, ọdún 49, gbogbo wa kún ilé wọn, jọ̀lọ́ọ̀fù wà, Alhaja gba ẹran méjì. Ìyá Ìbejì gbé ẹrù kan jáde, ó wé e dáadáa, ó ní kí ọkọ òun tú u lójú gbogbo ayé. Bàbá Ìbejì tú u. Ìgbàyà líle ni, èyí tí àwọn tó ń fo òkìtì máa ń wọ̀ kí òkúta má bàa bà wọ́n láyà. Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá Ìbejì ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tí àtẹ̀gùn ń ṣe síni." Ó yíjú sí mi. "Ohùn Ìyá Kẹ́mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù rẹ̀, mo rò pé wọ́n ń pa wọ́n ni."

Kí n tó dáhùn, Alhaja ti gbé síbí kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń kọ́ ọ?" Bàbá Ìbejì ní ọmọbìnrin kan ni. Alhaja na ìka sókè, ó yí i ká gbogbo ilé: "Kí ni mo sọ? Kí ni mo sọ fún yín?"

Ó ti ń lọ sí ti òkìtì méjì báyìí, èyí tí kòtò wà láàárín rẹ̀. Ìyá Ìbejì ló ń bá a lọ, àga mi ni wọ́n sì ń gbé lọ. Èmi ò bínú. Ṣùgbọ́n mo ti fi lẹ́mọ́ọ̀nù, mo ti fi ọṣẹ dúdú, ìlà mẹ́ta yẹn ò kúrò láyà léèsì mi, iṣu méjì ò sì tó owó léèsì. Bí ẹ bá bá Bàbá Ìbejì pàdé nínú lífítì, tí lífítì náà bá sì dúró, ẹ bá mi rán an létí.